Ìbéèrè Tí Gbémi Fò

"Ṣé ẹ̀yin ni Àǹtí tó ni àwọn ilé náà?"

Obìnrin náà kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì kúrò nínú takisí tó gbé e wá láti Ìkẹ́rẹ́ tó fi bi Gbémi bẹ́ẹ̀. Báàgì kan wà léjìká rẹ̀ tó wú bí aboyún ìbejì, ọmọbìnrin kékeré kan sì di ìdí ìró rẹ̀ mú ṣinṣin, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ. Ojú òsì ìyá náà wú, ó dì pa.

Gbémi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo gáréèjì Emùré ń wò wọ́n. Ní Emùré, bí èèyàn bá sín ní gáréèjì, kó tó nu imú, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú ti ń kí i ní pẹ̀lẹ́.

"Èmi ni Gbémi," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni àwọn ilé."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kà wọ́n."

Kí Gbémi tó dáhùn, fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gbẹ́ni Daniel ni, ọ̀gá rẹ̀ tó wà l'Ádó. Ohùn ọkùnrin náà ń dùn bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ igbá ẹran kan tán.

"Gbémi, ṣé àlejò wa ti dé? Motọ́láyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun ló pe nọ́ńbà àjọ láàárọ̀ yìí pé òun ti sá kúrò nílé ọkọ. Mo ní kò burú, mo ṣí máàpù, mo ní ibo ló sún mọ́ Ìkẹ́rẹ́ tí ilé ààbò wà? Emùré pọ́n yòò lórí máàpù bí ara ọmọ tí ìgbóná ń dà láàmú. Ilé ààbò lọ́tùn-ún, ilé ààbò lósì. Mú un lọ sí èyí tó bá wù ọ́."

"Sà, àwọn ilé yẹn..."

"Kí ló ṣe wọ́n? Ṣé wọ́n ti kún ni?"

Gbémi wo ojú obìnrin náà tó wú. "Wọn ò kún, sà."

"Mo mọ̀. Pè mí tó bá ti jókòó."

Gbémi fi fóònù sápò. Ó dà bíi pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Gbémi ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó títí ilé iṣẹ́ wọn fi kógbá sílé, ó wá padà sílé bàbá rẹ̀ l'Émùré. Ibẹ̀ ló wà tí àjọ kan láti Àbújá fi ń wá àwọn tí yóò bá a ka gbogbo ilé ààbò tó wà jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí fún àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù. Wọ́n fún un ní fóònù ńlá kan tó ní àwọn ìbéèrè nínú, wọ́n ní kó máa wọ ilé dé ilé. Ó yẹ kí iṣẹ́ náà rọrùn. Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ l'Émùré débi pé ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní pásítọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ààbò kò sí ẹyọ kan. Kí Gbémi kọ òfo, kó lọ sùn, ìyẹn ì bá parí ọ̀rọ̀.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Ọládiípọ̀, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó lórí bẹ́ńṣì ìrókò rẹ̀ ní fàráńdà lọ́jọ́ náà. Àwọn òbí ọmọ ilé ìwé ló gbẹ́ bẹ́ńṣì ọ̀hún fún un nígbà tó ń fẹ̀yìn tì, ó sì gùn débi pé bí èèyàn bá na gbalaja sórí rẹ̀, orí rẹ̀ á wà l'Émùré, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìsẹ̀. Gbémi ka ìbéèrè àkọ́kọ́: ǹjẹ́ ibì kan wà ládùúgbò yìí tí obìnrin tí ọkọ ń lù lè sá wá gbé?

"Ibì kan?" Bàbá dín ohùn rédíò kù. "Kí ni wọ́n ń pè ní ibì kan? Ulé bàbá rẹ̀ ńkọ́? Kọ ulé mi sílẹ̀. Ọmọ mi ò ní máa jìyà nílé ọkọ kí òrùlé mi máa wò ó níran."

Ọ̀rọ̀ náà fò kọjá ògiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti ràn ká ìlú bí iná ọyẹ́. Gbogbo baálé ló fẹ́ kí Gbémi kọ ilé òun, nítorí ta ni yóò sọ lójú aládùúgbò pé bí ọmọ òun bá dálémosú, kò ní rí ilẹ̀kùn tí yóò kàn? Bàbá kan dá a dúró lórí ọ̀kadà pé kó kọ ahéré òun náà mọ́ ọn. Òmíràn tí ilé rẹ̀ kò tíì ní òrùlé ní kó máa kọ ọ́ lọ, òun á kan páànù kó tó di Kérésì. Ìgbà tí Gbémi yóò fi wẹ̀yìn, ilé ààbò Emùré ti pọ̀ ju ti ìlú tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po ogún, àwọn ọ̀gá l'Ábùjá sì ti ń pe orúkọ Emùré bí ẹni ń pe orúkọ ìlú òkèèrè tí wọ́n fẹ́ lọ lo ìsinmi.

Ìbéèrè kejì wà nínú fóònù náà: ẹni mélòó ló ti sá wá síbí rí, tí ẹ kò dá padà? Gbémi kò ka ìyẹn fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí kò sì lè kà á fún bàbá rẹ̀, kò kà á fún ẹnì kankan mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò ló jókòó sí, tó kọ "a kò mọ̀" sí iwájú gbogbo ilé.

"Àǹtí," Motọ́láyọ̀ ní, "ẹ̀rù ń bà yín ju èmi lọ."

"Kò bà mí," Gbémi ní. Ó ṣẹ́wọ́ sí ọlọ́kadà kan tó mọ̀, Olúwaṣògo, ẹni tí ọ̀kadà rẹ̀ lè kó odindi ìdílé kan, tòun ti àgbò ìyá àgbà. Gbémi jókòó sẹ́yìn, Motọ́láyọ̀ wà láàárín, Ẹ̀bùnolúwa ọmọ rẹ̀ wà níwájú lórí táǹkì, báàgì sì wà lórí ọwọ́ ọ̀kadà.

"Ibo là ń lọ, Àǹtí Gbémi?" Olúwaṣògo bèèrè.

"Ilé Bàbá Olúdáre."

"Bàbá Olúdáre tó ní kìnnìún gan-an ò lè wọ ilé òun?"

"Òun ni. Wakọ̀ rẹ."

Bàbá Olúdáre wà níwájú ilé, ó ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó tó sá sórí síménti. Bó ṣe rí Gbémi, eyín rẹ̀ tó kù fara hàn.

"Gbémi, ọmọ hẹdimásítà. Ṣé Àbújá ti ránṣẹ́ sí wa ni?"

"Wọ́n ti ránṣẹ́, sà. Èèyàn ni wọ́n rán."

Bàbá wo Motọ́láyọ̀, ó wo ojú tó wú, ó wo ọmọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí kòkó. "Ọmọ ta ni?"

Motọ́láyọ̀ kúnlẹ̀. "Ọmọ Ọláyíwọlá ni mí, sà, n'Íkẹ̀ẹ́rẹ́."

"Ọláyíwọlá wà láyé?"

"Ó wà láyé, sà."

"Ara rẹ̀ le?"

"Ó le ju tèmi lọ, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Bàbá kọjú sí Gbémi. "Ṣé o gbọ́? Bàbá tó bí i wà láyé, ara rẹ̀ le, kí n wá gba ọmọ rẹ̀ sílé? Kí ni n óò pe ara mi? Nígbà tí mo ní kí o kọ ulé mi, àwọn ọmọ tèmi ni mo ní lọ́kàn. Gbogbo wọn ló wà nílé ọkọ wọn ní àlàáfíà."

"Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá lónìí ńkọ́, sà?"

"Wọn ò ní wá." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí kòkó, kíákíá, bí ẹni pé òjò ti ṣú. "Bá mi kí bàbá rẹ."

Ilé Ìyá Tóyìn ni wọ́n gbà lọ. Opó ni Ìyá Tóyìn, ilé rẹ̀ tóbi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà l'Íbàdàn. Gbémi rò pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ òun á ti balẹ̀. Obìnrin náà dára. Kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tán tó ti fi uṣu sísè àti ẹ̀fọ́ síwájú Ẹ̀bùnolúwa, ó sì fi omi gbígbóná àti aṣọ mímọ́ jó ojú Motọ́láyọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu ẹyin. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ló tó fa Gbémi sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọmọ mi, bí àwọn èèyàn ọkọ rẹ̀ bá dé, ta ni wọ́n á bẹ̀?"

"Mà?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n á wá bẹ̀. Bí wọ́n bá dọ̀bálẹ̀, ta ni yóò ní kí wọ́n dìde? Èmi kọ́ ni mo bí i, mi ò gba nǹkan orí rẹ̀, n kò lè gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Bí n kò bá sì gbà á, wọ́n á ní opó kan ń tú ilé onílé. O mọ ìlú yìí."

"Mà, ẹ ní kí n kọ ilé yín sílẹ̀."

"Mo ní kí o kọ ọ́. Ẹnu mi ló sọ ọ́." Ìyá Tóyìn di uṣu tó kù sínú ọ̀rá fún ọmọ náà. "Oúnjẹ, mo lè fún un títí di àmọ́dún. Ibi tó máa sùn ni n kò ní."

Bí wọ́n ṣe ń lọ láti ilé dé ilé nìyẹn. Ilé kan ní ọmọ òun ń bọ̀ láti Èkó, yàrá ti kún. Òmíràn ní ọkọ òun kò sí nílé, ọkọ náà sì ń húkọ́ nínú yàrá bí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kú. Bàbá tí ilé rẹ̀ kò ní òrùlé nìkan ló ní kí wọ́n wọlé. Ó mú wọn yíká láàárín igbó tó hù ní pálọ̀, ó ń fi ọwọ́ ṣe àlàyé fún Motọ́láyọ̀: "Ibí ni fèrèsé yóò wà, bí Ọlọ́run bá fẹ́." Motọ́láyọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi.

Ìgbà tí wọ́n jáde níbẹ̀ ni fóònù Motọ́láyọ̀ dún. Ó wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀, ó gbé e sétí. Ohùn ọkọ rẹ̀ rọlẹ̀, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, Gbémi sì ń gbọ́ ọ láti ibi tó dúró sí.

"Ìyá Ẹ̀bùn, wọ́n ní Emùré lo wà. Wọ́n ní ẹ ti kan gbogbo ilé ìlú. Ó rẹ̀ ọ́, mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà àti àwọn bàbá méjì ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la láti wá bẹ̀ ọ́. Ibikíbi tó o bá wà."

Motọ́láyọ̀ pa fóònù. Ó jókòó sórí òkúta kan létí títì.

"A ó pe ọlọ́pàá," Gbémi ní.

"Kí ẹ sọ kí ni fún wọn? Pé wọ́n ń bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀ tó là. "Bó bá jẹ́ pé ìjà ló ń gbé bọ̀, Àǹtí, ìjà ì bá dára. Gbogbo èèyàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìjà. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń mú mi. Mo ti sá lọ sílé bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á dé, bàbá mi á ní kí wọ́n jókòó, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀bẹ̀ á fi wọ̀ ọ́ lára, òun náà á wá bẹ̀ mí. Ta ló lè wà láàárín àgbàlagbà tó ń bẹ̀ ẹ́, kó má dìde kó tẹ̀ lé wọn?"

Gbémi wo ọ̀nà Ìsẹ̀. Ó mọ ẹnì kan tí kò lè ṣe é.

"Àǹtí, nínú gbogbo ilé tí ẹ kà, ṣé tiyín wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀. Òun ni àkọ́kọ́."

"A ò tíì dé ibẹ̀."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn òkè nígbà tí Olúwaṣògo já wọn sílẹ̀ níwájú ilé hẹdimásítà. Bàbá Ọládiípọ̀ wà lórí bẹ́ńṣì rẹ̀. Kò kí wọn káàbọ̀.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Láti àárọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń tẹ̀ mí láago. Ẹ kan ilé Olúdáre tí kì í fún alàǹgbá ní omi mu. Ẹ kan ilé tí kò ní òrùlé. Kí ló dé tó jẹ́ ulé tèmi ló kẹ́yìn?"

Gbémi dúró lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀nà kankan kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. "Nítorí ìbéèrè kejì ni, Dádì."

"Ìbéèrè kejì wo?"

Ó mú fóònù ńlá náà jáde, ó sì kà á bó ṣe yẹ kó ti kà á lọ́jọ́ kìíní: "Ẹni mélòó ló ti sá wá síbí rí, tí ẹ kò dá padà?"

Nínú ilé, ìyá rẹ̀ tó ń gúnyán dáwọ́ ọmọ odó dúró.

Ẹ̀gbọ́n Gbémi ni Níkẹ́. Ìsẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ wà. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló fi ọwọ́ kan tó ti kán wọlé yìí, tó ní òun ò padà mọ́. Àwọn àna dé láti Ìsẹ̀ pẹ̀lú uṣu tó ga bí ọmọ ilé ìwé girama. Orí bẹ́ńṣì ìrókò yìí ni wọ́n jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Bí ẹni kan bá bẹ̀ tán, ẹlòmíràn á gbà á. Ìgbà tí wọ́n máa fi dìde, Bàbá fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ tó gbé Níkẹ́ padà. Láti ọjọ́ náà, Níkẹ́ kò tẹ bàbá rẹ̀ láago mọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń pè, á ní, "Ẹ bá mi kí wọn."

"Ta ló ní kí wọ́n máa béèrè irú nǹkan báyìí?" Bàbá Ọládiípọ̀ ní.

"Àbújá ni, Dádì."

"Àbújá ò mọ Níkẹ́."

"Èmi mọ̀ ọ́n."

Motọ́láyọ̀ gbé báàgì rẹ̀ padà sí èjìká, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ má bínú. A ó máa lọ."

"Lọ sí ibo?"

"N kò mọ̀, sà. Ìgbà tí ẹ kò bá ní kí àwọn tó ń bọ̀ lọ́la jókòó, ìgbà yẹn ni mo lè dúró. Mo sì mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Àgbàlagbà ni yín."

Bàbá Ọládiípọ̀ wo bẹ́ńṣì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á, bí ẹni ń pa orí ajá tó ti dàgbà lọ́wọ́ ẹni. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọlé láìwo ẹnikẹ́ni.

Fóònù Gbémi dún. "Ṣé ó ti jókòó?" Ọ̀gbẹ́ni Daniel bèèrè.

"Rárá, sà. Ẹ bá mi pa gbogbo ilé tí mo kọ rẹ́."

"Gbogbo kí ni? Gbémi, ìwọ lo ṣe ipò kìíní. Àwọn kan ń bọ̀ láti Àbújá wá ya fọ́tò. Bí mo bá pa á rẹ́, èmi àti ìwọ ò níṣẹ́ mọ́."

"Ilé ni wọ́n, sà. Wọn kì í ṣe ilé ààbò. Ẹ fi òfo sí Emùré. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá ṣú tí àwa nílé yìí kò dá a padà, n óò pè yín, kí ẹ wá kọ ọ̀kan."

Ọ̀gbẹ́ni Daniel ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí Bàbá jáde. Àáké wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá orí bẹ́ńṣì mú, ó wọ́ ọ kúrò ní fàráńdà, bẹ́ńṣì náà ń pariwo lórí síménti bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa. Ìyá Níkẹ́ jáde tòun ti iyán ọwọ́ rẹ̀, ó gbá apá kejì mú. Wọ́n gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, àwọn méjèèjì.

Ìgbà tí àáké kọ́kọ́ balẹ̀, Ẹ̀bùnolúwa sá mọ́ ìyá rẹ̀ lára.

"Má bẹ̀rù," Motọ́láyọ̀ sọ fún un, ó sì sọ báàgì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tíì gbé e wọlé.

Gbémi pa ìpè ọ̀gá rẹ̀. Ó wá nọ́ńbà kan tí kì í sábà pè, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún fún ìgbà pípẹ́ kí ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tó dáhùn.

"Gbémi? Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Àǹtí Níkẹ́. Dádì ní..." Ó dúró, nítorí Dádì kò tíì sọ nǹkan kan. Ìró àáké náà tún balẹ̀, ìrókò gbígbẹ sì ké.

"Kí ló ń dún yẹn?" Níkẹ́ bèèrè.

"Dádì ni. Bẹ́ńṣì tó wà ní fàráńdà ni wọ́n ń là."

Gbémi gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bóyá ó ti já. Kò já.

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn," Níkẹ́ ní. "Jẹ́ kí n gbọ́."

Gbémi yí ilé ká lọ sẹ́yìnkùlé. Ó na fóònù síwájú, ó sì dúró síbẹ̀, àáké ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀.